Ohun Tí Mo Kà Lára Bébà Àkàrà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni bébà kan fi wà nínú àpótí ìwé mi. Epo ti mu ún débi pé bí mo bá gbé e sókè sí iná, mo ń rí ìka ọwọ́ mi láti òdìkejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣáná láti sun ún, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo fẹ́ iná pa kó tó kàn án. Bí mo bá tají lóru, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí.

Àárọ̀ Sátidé ni mo rí i. Mo ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tó ń dín in ní kọ́nà àdúgbò wa ní Ògbà, mo gbé e délé, mo dà á sínú àwo. Bí mo ṣe fẹ́ rún bébà tí wọ́n fi di í sínú garawa ìdọ̀tí ni mo rí ojú ènìyàn tó ń wò mí. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó so táì, tó ń wo iwájú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ fún pé kó má rẹ́rìn-ín.

Ojú ewé kan nínú fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ ni. Mi ò ní kọ ohun tó dáhùn síbí, torí kì í ṣe èmi ló dá lóhùn. Ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tí wọ́n bi í. Wọ́n bi í ní ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n bi í ní ẹ̀sìn, wọ́n tún ní kó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ. Ṣé ó ti gbéyàwó? Ọmọ mélòó? Níbo ni ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́? Genotype rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí? Nọ́ńbà BVN, nọ́ńbà NIN, nọ́ńbà àkáǹtì. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi àyè ńlá sílẹ̀ pé kó ya àwòrán ọ̀nà ilé rẹ̀, láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò sílẹ̀ títí dé ẹnu géètì. Ó sì yà á. Ó fi rúlà fa títì, ó kọ orúkọ ilé epo, ó kọ ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà, ó ya ilé kékeré kan, ó wá fi ọfà tọ́ka sí i.

Ọfà yẹn ló mú mi jókòó. Ẹnikẹ́ni tó bá ra àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ì bá mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Mo mọ irú fọ́ọ̀mù yẹn dáadáa. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó kí n tó kúrò níbẹ̀. Irú rẹ̀ ni àwa náà ń fún àwọn tó bá wá. Mo ti ṣí irú rẹ̀ débi tí mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́, mo ti fi pín-ìn-nì so ó pọ̀, mo ti kó o sínú káfíńẹ́ẹ̀tì. Mi ò béèrè rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé tí káfíńẹ́ẹ̀tì bá kún, ibo ni wọ́n ń kó o lọ.

## Ẹ̀yìn ìwé

Ẹni tó ń wáṣẹ́ máa ń rò pé fọ́ọ̀mù náà parí síbi tí òun fọwọ́ sí. Kò parí síbẹ̀. Òfìfo ni ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n fún un, àwọn ẹlòmíràn ló máa kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Ilé iṣẹ́ á rán ẹnì kan jáde. Nígbà mìíràn òṣìṣẹ́ tiwọn ni, nígbà mìíràn ó jẹ́ ará ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń gba owó láti ṣe ìwádìí. Á tẹ̀lé àwòrán yẹn, á dé ẹnu géètì, á ya fọ́tò rẹ̀, á wá yà sọ́dọ̀ ẹni tó bá bá níta. ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ lágbájá? Irú èèyàn wo ni?’ Ó lè jẹ́ ìyá tó ń ta bísíkíìtì lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè jẹ́ màígáàdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóṣù tó kọjá. Ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń jà lórí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ohunkóhun tí onítọ̀hún bá sọ ti di ẹ̀rí. Kò ní sọ orúkọ ara rẹ̀, kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Aṣèwádìí á fi báírò kọ ọ́ ní wàràwàrà, torí ọlọ́kadà ń dúró dè é, ó sì ní ilé mẹ́rin mìíràn láti dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìlà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn bébà tèmi. Mo kà á lórí ìdúró, nínú ilé ìdáná. Nísàlẹ̀ ìlà kẹrin, ẹlòmíràn tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ yàtọ̀ ti fi báírò pupa kọ ọ́ pé kí wọ́n má gbà á.

Mi ò lè jẹ àkàrà yẹn mọ́. Báírò pupa ni èmi náà máa ń lò.

## Ẹni tó ń pẹ́ wọlé

Ní 2016, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ wa fún iṣẹ́ ìtọ́jú sítọ́ọ̀. Ó yege nínú ìdánwò. Nígbà intafíù, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ń ronú kó tó dáhùn, ohun tí kò mọ̀ ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Èmi gan-an ni mo fún un ní máàkì tó ga jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ìwádìí dé. Ará ilé rẹ̀ kan sọ pé, ‘Kì í tètè wọlé. Ó máa ń tó aago mọ́kànlá, aago méjìlá òru. A ò mọ ibi tó ń lọ.’

Kò sọ pé ó ń jalè. Kò sọ pé ó ń mu igbó. Wọn ò mọ ibi tó ń lọ, ó tán. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ni mo rí sí i. Mo ro ti ẹrù tó wà nínú sítọ́ọ̀, mo ro ti ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú tó kó ọjà sá lọ, tó sì jẹ́ pé èmi ni wọ́n dá lẹ́bi pé mi ò wádìí rẹ̀ dáadáa. Mo mú báírò pupa.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo bá a pàdé lábẹ́ bíríìjì Ìkẹjà. Òun ló kọ́kọ́ rí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, ‘Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà.’ Mo bi í pé iṣẹ́ ńkọ́. Ó ní òun ṣì wà lẹ́nu èyí tí òun ń ṣe tẹ́lẹ̀, pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC nílé wọn lálẹ́, láti Àgídíngbì dé Ọ̀jọ́dù, ọkọ̀ kì í sì í tètè sí lálẹ́.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo wá fáìlì rẹ̀ jáde. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú ewé kejì, níbi tí wọ́n ti ní kó kọ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́: olùkọ́ ẹ̀kọ́ alẹ́. Mo ti kà á nígbà intafíù, mo tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ará ilé dé, ọ̀rọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ó bo ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi mọ́lẹ̀.

Lábẹ́ bíríìjì yẹn, kò bi mí ní ìdí tí a ò fi gbà á. Ó ti gbà pé ẹni tó ju òun lọ la mú. Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ọpẹ́ yẹn ń ta mí bí iná títí di òní.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo rò pé ọba àti adájọ́ ni òwe náà ń bá wí. Mi ò mọ̀ pé ó kan ẹni tó jókòó sídìí tábìlì nínú ẹ̀rọ amúlétutù, tó ń pinnu ẹni tó máa gba owó oṣù àti ẹni tó máa padà sílé.

## Àwọn tó ń purọ́ wà lóòótọ́

Mo mọ ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ máa sọ, torí mo ti sọ ọ́ rí. Wọ́n á ní ayé ti bàjẹ́, wọ́n á ní ìwé-ẹ̀rí irọ́ pọ̀ nílẹ̀. Òótọ́ ni. Ní ìparí 2023, oníròyìn kan ṣàlàyé bí òun ṣe gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ 6, tó sì fi ṣe NYSC. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ ti dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo wò dúró. Àwọn ọmọ wa tó lo ọdún mẹ́rin gbáko ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, tí wọ́n kàwé títí ojú fi fọ́ wọn, di ẹni ìfura lọ́jọ́ kan.

Torí náà mi ò sọ pé kí ilé iṣẹ́ má wádìí. Ẹni tó fẹ́ gba dókítà gbọ́dọ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba awakọ̀ tí yóò máa gbé ọmọ lọ sílé-ìwé gbọ́dọ̀ mọ irú ọwọ́ tó fi ń wakọ̀. Èsì WAEC wà tí a lè yẹ̀ wò, yunifásítì ní ọ́fíìsì tó lè dáhùn, ibi iṣẹ́ àná ní ọ̀gá tó lè fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ lẹ́tà. Àwọn ìwádìí yìí dá lórí iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ ṣe, wọ́n sì ní ẹni tó máa jẹ́ wọn lẹ́rìí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, a mọ ẹni tó pa á.

Kí wá ni genotype fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀? Kí ni orúkọ pásítọ̀ rẹ̀ máa sọ fún wa nípa bó ṣe ń ka páálí? Mo ti jókòó nípàdé tí a ti bi ara wa ní ìbéèrè yẹn, ìdáhùn tó wá ni pé, ‘Ó ti wà lórí fọ́ọ̀mù tipẹ́.’ Ẹnì kan ló kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà kan, gbogbo wa sì ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde.

Èmi fúnra mi, nígbà tí mò ń wáṣẹ́ ní 2009, wọ́n ní kí n lọ tọ̀ sínú ike kékeré kan. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ mi ló wojú mi, tó ní, ‘Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oyún wà nínú yín ni.’ Mo ní, bóyá ó wà ńkọ́? Kò dáhùn. Mo gba iṣẹ́ náà, mo sì gbàgbé ìtìjú ọjọ́ yẹn kíákíá, torí pé mo ríṣẹ́. Ìwọ̀nba ọdún ló kọjá tí èmi náà fi ń fi fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn lé àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́. Láti 2014 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ pé àfi kí ènìyàn ṣe àyẹ̀wò HIV kó tó ríṣẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé àyẹ̀wò lẹ́yìn ìgbà náà, tí ọmọ tó gbà á lọ́wọ́ mi kò sì sọ nǹkan kan.

## Ẹni tó padà wá

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo fi bébà náà hàn, láìjẹ́ kó ka orúkọ, ní kí n fara balẹ̀. Ó ní, ‘Ṣé kì í ṣe àṣà wa náà ni? Ta ló ń fọ́mọ fọ́kọ láìwádìí?’

Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Mo pe ìyá mi. Mo ní kí wọ́n tún ìtàn ìgbéyàwó wọn sọ fún mi, èyí tí mo ti gbọ́ rí ṣùgbọ́n tí mi ò fi etí sí.

Kí ìdílé bàbá mi tó wá tọrọ ìyá mi, wọ́n rán bàbá àgbà kan lọ sí Ìkìrun. Bàbá náà lo ọjọ́ méjì. Wọ́n jókòó ní ìsọ̀ aláṣọ, wọ́n jókòó nídìí ẹmu, wọ́n ń béèrè irú ènìyàn tí ìdílé ìyá mi jẹ́. Ẹnì kan wá sọ fún wọn pé wárápá wà nínú ẹbí náà, pé ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fẹ́ yìí máa ń ṣubú.

Bàbá yẹn ì bá gba ilé lọ. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ tó láti tú ìgbéyàwó ká, kò sì sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá mi sọ ni pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá náà wọlé tọ bàbá ìyá mi wá, wọ́n yọ fìlà, wọ́n ní, ‘Ohun tí mo gbọ́ nígboro nìyí. Mi ò fẹ́ gbé e délé láìgbọ́ tẹnu yín.’ Bàbá àgbà mi pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi jáde. Ó fi àpá hàn wọ́n lórí rẹ̀. Orí igi ìṣin ló ti já nígbà tó wà lọ́mọdé, orí a sì máa fọ́ ọ débi tó fi ń jókòó sílẹ̀ bí oòrùn bá mú. Wọ́n sọ orúkọ oníṣègùn tó tọ́jú rẹ̀, wọ́n ní kí bàbá lọ bi í. Bàbá lọ.

Bí bàbá yẹn kò bá padà wá, kò ní sí èmi tí mò ń kọ èyí.

Lóòótọ́, ìwádìí wà nínú àṣà wa. Àwọn bàbá wa ń béèrè ohun tó le ju tàwọn ilé iṣẹ́ lọ, wọ́n ń béèrè gbèsè, wọ́n ń béèrè olè, wọ́n ń béèrè àrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè ní orúkọ, ará ìlú mọ ìdílé tó ti wá, bó bá gbé irọ́ délé, òun lojú máa tì. Ó sì máa ń padà wá. Apá ìbéèrè nìkan la mú nínú àṣà náà wọ ọ́fíìsì. A fi ìpadàwá sílẹ̀ ní Ìkìrun.

## Ohun tí òfin ti sọ

Lẹ́yìn bébà náà ni mo tó jókòó ka òfin tó dáàbò bo ìwífún ọmọ Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, tó sì gbé NDPC, àjọ tó ń mójú tó òfin náà, kalẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, abala 37 ìwé òfin 1999 ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé ilé ẹni, lẹ́tà ẹni àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí fóònù jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ yọjú sí bó ṣe wù ú. Èyí tuntun wọ inú ọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ohun tí o bá nílò nìkan ni kí o gbà lọ́wọ́ ènìyàn, kí o má sì pa á mọ́ ju ìgbà tó wúlò fún ọ lọ. Ó ya ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀sìn, ẹ̀yà, òṣèlú àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ pé wọ́n gbẹgẹ́. Bí àṣírí àwọn ènìyàn bá tú láti ọwọ́ ilé iṣẹ́, tó sì lè kó wọn sí ewu, wákàtí 72 ni ilé iṣẹ́ náà ní láti fi tó àjọ létí lẹ́yìn tó bá mọ̀. Ta ló ka wákàtí 72 fún ọmọ tó ya ọfà sí ilé rẹ̀?

Mo dúró pẹ́ lórí ibi tó ti sọ pé ẹni tí wọ́n kọ nǹkan nípa rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ, kí wọ́n fún un ní ẹ̀dà, kí wọ́n sì tún un ṣe bí kò bá jóòótọ́. Mo kà á, mo rántí bàbá tó yọ fìlà ní Ìkìrun.

Ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló máa lọ bèèrè? Lábẹ́ fọ́ọ̀mù náà ni gbólóhùn kan wà pé olùwáṣẹ́ gbà kí wọ́n wádìí òun. Àwọn ilé iṣẹ́ á ní, ‘Ṣebí ó fọwọ́ sí i.’ Òfin ní ìfọwọ́sí gbọ́dọ̀ wá láìsí túláàsì. Ọmọ tó ti ń wáṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, tí ìyá rẹ̀ ń yọ nínú owó ọjà láti bá a ra dátà kó lè fi CV ránṣẹ́, agbára wo ló fẹ́ fi sọ pé òun ò fẹ́ kọ genotype òun? Bó bá kọ̀, ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á kọ tirẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Manchester. Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ DBS, àjọ ìjọba tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ènìyàn ti dáràn rí; àdírẹ́sì gbogbo ibi tó gbé láàárín ọdún 5 ló kọ sílẹ̀. Ó le, ó sì yẹ kó le, torí àwọn tó ń tọ́jú kò lè gba ara wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé jáde, ilé rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, lórúkọ rẹ̀. Láti 2013 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tí wọ́n wádìí ni wọ́n ń fún níwèé, òun ló ń mú un lọ fi han agbanisíṣẹ́. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi pé, ‘Àǹtí, ẹ wò ó, mo mọ́!’ Èmi tí mo ti ka ìwé ìwádìí àìmọye ènìyàn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni tó ni ín fi tirẹ̀ hàn mí.

Ìyẹn ò sọ pé ọwọ́ òyìnbó mọ́. Ní 2009, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń dáàbò bo ìwífún ènìyàn ní Britain ya wọ ọ́fíìsì kékeré kan nílùú Droitwich. Káàdì tí wọ́n kọ orúkọ òṣìṣẹ́ ìkọ́lé 3,213 sí ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìkọ́lé tó lé ní 40 ló ń sanwó kí wọ́n lè yẹ orúkọ wò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tàbí tó pariwo pé ibi iṣẹ́ léwu, ó ṣeé ṣe kí káàdì rẹ̀ wà níbẹ̀. Bíríkìlà àti àwọn tó ń fa wáyà iná wá iṣẹ́ títí lọ́pọ̀ ọdún, wọn ò sì mọ ohun tó ń tì wọ́n sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìwé ni, bíi ti tiwa. Níbi tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kò bá ti lè dé, kò sóhun tí wọn ò lè kọ.

Ká ní mo tún padà sídìí tábìlì yẹn, màá yọ àwòrán ọ̀nà ilé kúrò lórí fọ́ọ̀mù, títí di ìgbà tí a bá ti sọ fún ènìyàn pé a fẹ́ gbà á. Màá yọ ẹ̀sìn, màá yọ genotype. Ohunkóhun tí aṣèwádìí bá kọ, màá pe ẹni tó ni ín, màá kà á sí i létí, màá jókòó gbọ́ ohun tó máa sọ. Àwọn tí a ò bá gbà, màá dúró ti ẹ̀rọ tó ń ya bébà títí ìwé wọn á fi di fọ́nrán. Kì í ṣe owó ńlá ló máa ná wa. Ìdajì wákàtí lórí fóònù ì bá ti tó fún olùkọ́ ẹ̀kọ́ alẹ́.

## Nọ́ńbà tó wà lókè fọ́ọ̀mù

Nọ́ńbà fóònù ọ̀dọ́kùnrin náà wà lókè bébà náà, epo ò kàn án. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni pé kì í ṣe èmi ló fún ní nọ́ńbà náà. Bí mo bá pè é, èmi náà ti di ọ̀kan lára àwọn tó lo ohun tí kò tọ́ sí wọn. Bí mi ò bá sì pè é, mo ti tún pa ẹ̀yìn ìwé mọ́ fún un, bí mo ṣe ṣe nígbà tí wọ́n ń sanwó fún mi láti ṣe é.

Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ bí bébà náà ṣe dé ọwọ́ mi, mo ní kó sọ bóyá kí n sun ún tàbí kí n fún un. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi pè.

‘Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún.’ Ó ní ó ti lé ní ọdún méjì tí òun kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Wọ́n ní àwọn máa pe òun. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, ‘Ṣé wọ́n kọ ìdí tí wọn ò fi pè mí síbẹ̀?’

Mo ka ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i létí. Ó ti fún mi láyè pé kí n kọ èyí tó ṣe pàtàkì síbí, kìkì pé kí n má dárúkọ òun. Ìlà kẹta sọ pé ará ilé kan ní ó jẹ lánlọ́ọ̀dù lówó ilé oṣù mẹ́jọ, pé wọ́n ti fi ọlọ́pàá mú un nítorí rẹ̀.

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. ‘Yàrá iwájú nìyẹn, mà. Ẹni tó wà ní yàrá iwájú ni. Orúkọ wa jọra.’

Mo sọ fún un pé mi ò lágbára kankan ní ilé iṣẹ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí wọn, pé ó lè fi ẹjọ́ wọn sun NDPC, pé màá bá a kọ lẹ́tà náà bó bá fẹ́. Ó ń sọ pé, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà.’ Ó ní òun máa wá mú bébà náà lọ́jọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó dé pẹ̀lú fáìlì náílọ́ọ̀nù kan lábẹ́ apá. Mo gbé omi fún un, mo gbé bébà àkàrà rẹ̀ fún un nínú àpò ìwé tí mo lẹ̀ pa. Kò ṣí i. Fáìlì tirẹ̀ ló ṣí. Ó mú rìsíìtì owó ilé jáde, ti ọdún mẹ́ta, ó tò wọ́n sórí tábìlì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ibi tó ká, ó yí wọn sí ọ̀dọ̀ mi kí n lè kà á.

Mo tún rán an létí pé èmi kọ́ ni wọ́n ń fi hàn.

‘Mo mọ̀, mà,’ ló wí. ‘Ẹ ṣáà bá mi wò ó.’